Láti láíbírì dé ọjà Kàbà: bí ẹ ṣe lè sọ ìwádìí yín di àpilẹ̀kọ, kó sì tún di ohun ìlò

Ẹ wọ láíbírì ilé ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja, ẹ ó bá wọn níbẹ̀: próójẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yìn líle, eruku lórí eruku. Iṣẹ́ gidi wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹnì kan ti ka igi kaṣú ní Ìyàgbà, ẹlòmíràn ti ka kòkòrò inú àgbàdo ní Bùnú. Wọ́n dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n gba máàkì, ọ̀rọ̀ parí. Jọ́nà kankan, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ ìwádìí, kò gbé e jáde. Àgbẹ̀ tó yá wọn lóko kò gbọ́ èsì rí.

Ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe másítà, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òṣìṣẹ́ ADP (ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà) tó ń rí nǹkan lóko tí kò mọ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa tẹnu mọ́ jálẹ̀: ohun tí àgbẹ̀ máa bi yín lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ẹ wọ̀n ọ́n láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èló ni? Wákàtí mélòó ni yóò gbà mí? Ṣé adùn rẹ̀ kò ní yàtọ̀? Bí ẹ kò bá wọn nǹkan wọ̀nyí nígbà ìdánwò, kò sí ibi tí ẹ ti máa rí wọn mọ́, àpilẹ̀kọ yín náà á sì fẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi gbodo ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í gbà wọlé lè gba gbodo lọ́wọ́ kòkòrò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí iṣu tuntun fi máa jáde. Bí kaṣú, kọfí tàbí epo pupa ni iṣẹ́ tiyín dá lé, ọ̀nà náà kò yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́jà

Ọ̀pọ̀ àkọlé próójẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ pé iṣẹ́ ọdún tó kọjá ni wọ́n wò, wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ ìlú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí Kàbà, Ìyàrá tàbí Mópà lọ́jọ́ ọjà, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ bi léèrè, ẹ sì jókòó.

— Okun o, ìyá. Ẹ kú ọjà.

— Okun, ọmọ mi. Èló ni kí n wọ̀n fún ọ?

— Ẹ wọn òṣùwọ̀n kan, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí kò bá tà nínú oṣù yìí ńkọ́, kí lẹ ń ṣe sí i?

— Ká tún un sá ni. Kòkòrò á ti lu ú nígbà yẹn. Èyí tó bá ti di lẹ́búlẹ́bú nínú àpò, ewúrẹ́ ló ni ín.

Ẹ kíyè sí i pé ìyá kò dárúkọ òògùn kankan. Ẹ má sì fi ìkánjú bi í. Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ lórí ìjókòó, ọ̀rọ̀ òtapiàpíà á yọ fúnra rẹ̀, ẹnì kan á sọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń dà sí oúnjẹ, kò ní sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos, oró tó wà nínú òtapiàpíà, inú ìgò kékeré, ti 100ml àti èyí tó kéré sí i, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣì í lò. Nítorí náà, ìbéèrè yín ti kúrò ní "ṣé àpò yìí dára?" Ó ti di: "Ṣé àpò yìí lè dáàbò bo gbodo fún oṣù mẹ́fà láìlo òògùn, ní iye tí oníṣòwò gbodo ní Kàbà lè san?" Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ohun tí àwọn tó ṣáájú ti ṣe

Google Scholar rọrùn, ṣùgbọ́n kò tó. African Journals Online, tí wọ́n ń pè ní AJOL, ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ láti 1998, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó sì jọ tiyín wà níbẹ̀ tí àwọn òyìnbó kò kà rí. Ẹ bi láíbírì yín bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Research4Life, torí ó ń ṣí jọ́nà olówó gọbọi fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ẹ tún gbéra lọ sí Ìlọrin. Ibẹ̀ ni NSPRI wà, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko tí a ti kó, kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí gbodo ní Kàbà tí kò tíì débẹ̀ rí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, lójú tèmi o.

Ìtàn àpò yìí gan-an yẹ ní mímọ̀. Larry Murdock ti Purdue University ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀wà ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò híhun wà lóde. Wọ́n á di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ tó bá níbẹ̀ tán, òmíràn kò ní wọlé, ni yóò bá ṣíwọ́ jíjẹ, yóò sì kú. Kò sí òògùn nínú rẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ọdún 2007 ni iṣẹ́ ńlá tí Gates Foundation fowó sí bẹ̀rẹ̀, èyí tó gbé àpò náà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ káàkiri ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Ó tó ogún ọdún láàárín ìgbà tí wọ́n mọ ọ̀nà náà àti ìgbà tó dé abúlé. Ìmọ̀ kò ṣòro rí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí yóò gbà dé ọwọ́ èèyàn ló gba àkókò.

Bí ẹ bá ti kà tán, ẹ ó mọ ohun tó ṣẹ́kù fún yín láti ṣe. Àpò kì í ṣe tuntun. Gbodo ló ní ìṣòro tirẹ̀: etí rẹ̀ mú, ó lè gún ọ̀rá, ọ̀rá tó bá sì ti lu kò wúlò mọ́. Ohun tí ẹ̀wà kò lè ṣe nìyẹn, ibẹ̀ sì ni àpilẹ̀kọ yín wà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìwé àṣẹ, àti orúkọ ta ni yóò wà níbẹ̀

Bí ẹ bá máa fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, tàbí ẹ fẹ́ kí wọ́n tọ́ àmàlà wò kí wọ́n sọ èyí tó dùn jù, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má retí pé wọ́n á fún yín lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, jọ́nà sì máa béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Ní abúlé, ẹ kí baálẹ̀ kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Kò sí jọ́nà tó máa béèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ kò ní rí àgbẹ̀ kankan bá yín sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ lórí àpilẹ̀kọ ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí inú ṣì ń dùn. Ìlànà ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ń tẹ̀ lé, ní kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà níbẹ̀ jẹ́ ẹni tó kópa gidi nínú èrò iṣẹ́ náà tàbí nínú dátà rẹ̀, tó bá wọn kọ ọ́ tàbí tó tún un ṣe, tó fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, tó sì gbà láti dáhùn fún iṣẹ́ náà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ pé. Ọ̀gá ẹ̀ka tó kàn fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kò sí nínú ìyẹn, kọ̀ǹpútà tó ń bá yín kọ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ fún àgbà. Ẹ dá a lábàá pé kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ìparí àpilẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà.

Bí ìyá kan bá fi ewé kan hàn yín tí ìdílé rẹ̀ fi ń lé kòkòrò, ìmọ̀ tirẹ̀ ni, ẹ má sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀yin ṣàwárí. Àdéhùn Nagoya, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014 tí Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀, ní kí ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì fún àwọn tó ni ín ní ìpín nínú èrè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìdánwò

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí àléébù tó bá wà níbí, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó lè bò ó.

Ẹ ra gbodo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dà á pọ̀, ẹ rò ó káàkiri, kí ẹ tó pín in sínú àpò. Bí ẹ bá fi gbodo Ìsánlú sínú àpò onípele mẹ́ta tí ẹ sì fi gbodo Kàbà sínú àpò lásán, ẹ kò lè mọ̀ bóyá àpò ló ṣiṣẹ́ tàbí ibi tí gbodo ti wá. Ẹ kọ nọ́ńbà sára àpò, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké lórí èyí tí yóò wà ní igun wo nínú yàrá, kí eku tàbí ooru ògiri má bàa ṣe ojúsàájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rántí pé àpò tí ẹ bá ṣí ní oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, kò sí nínú ìdánwò mọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣí àpò kan náà lóṣooṣù, wọ́n á wá sọ pé àpò kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó ní oṣù kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà, tí ẹ fẹ́ fi àpò onípele mẹ́ta wé àpò lásán, tí ẹ sì fẹ́ àpò mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà kọ̀ọ̀kan, àpò 24 lẹ máa dì lọ́jọ́ kìíní. Ó dà bíi pé ó pọ̀. Ẹ lo àpò kékeré bí owó kò bá tó, ṣùgbọ́n ẹ má dín iye rẹ̀ kù.

Kí lẹ máa wọ̀n? Ìwọ̀n gbodo kí ẹ tó dì í àti lẹ́yìn rẹ̀. Kòkòrò tó wà láàyè àti èyí tó ti kú. Omi tó kù lára gbodo, torí gbodo tí kò gbẹ tán á bu nínú ọ̀rá. Iye ihò lára ọ̀rá inú àti ti ìta. Ìyẹn ni ti láàbù. Ti ìyá ọlọ́jà ni: iye àpò, ìṣẹ́jú tó gbà láti dì í, bóyá ẹnì kan ṣoṣo lè dì í, àwọ̀ àmàlà, adùn rẹ̀, àti iye tí gbodo náà tà lọ́jà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ fi owó àpò wé owó gbodo tí kò ṣòfò.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó ní ojú ewé oní-nọ́ńbà, pẹ̀lú ọjọ́, ní bírò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà gan-an bí iná bá wà, ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Fọ́tò pẹ̀lú, kí nọ́ńbà àpò hàn nínú rẹ̀.

Bí àpò náà kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣì ní àpilẹ̀kọ. "Gbodo gún ọ̀rá inú, kòkòrò sì padà wọlé" jẹ́ èsì tí yóò gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ òfò.

Ìgbésẹ̀ 5: Kí ẹ tó la ẹnu

Àpò kì í ṣe tiyín, nítorí náà ẹ lè fo ibí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ẹ̀rọ tuntun kan, ká ní èyí tó ń gé iṣu fún gbodo láìní etí tó mú, ẹ dákẹ́ ná. Òfin páténtì Nàìjíríà (páténtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣe ohun tuntun) ń béèrè ohun tuntun, ohun tí ẹ bá sì ti sọ níta ní àpérò tàbí nínú àpilẹ̀kọ kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ní Abuja, kí ẹ tó kọ̀wé sí jọ́nà. Ọdún 20 ni páténtì ń lò láti ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló ń ran olùwádìí lọ́wọ́ lórí èyí, wọ́n sì ti dá ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ẹ béèrè bóyá tiyín ní. Irú ọ̀gbìn tuntun kì í gba páténtì ní tiwa. Òfin ààbò irú ọ̀gbìn ti 2021 ló wà fún ìyẹn, àjọ tó ń mójú tó irúgbìn, NASC, sì ni ẹ máa lọ bá.

Ìgbésẹ̀ 6: Kíkọ

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya tábìlì àti àwòrán, ẹ tò wọ́n sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n lè sọ ìtàn náà láìsí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é, torí ó ṣì wà lórí yín. Èsì tẹ̀ lé e, àlàyé èsì, ìfáárà, àṣamọ̀ (àkékúrú gbogbo iṣẹ́ náà) sì gbẹ̀yìn. Orí kejì próójẹ́ẹ̀tì yín, tó kún fún "lágbájá sọ pé, tàmẹ̀dò sọ pé", ẹ gé e sí ìpínrọ̀ mẹ́ta péré: ohun tí a mọ̀, ohun tí a kò mọ̀, ohun tí ẹ ṣe nípa rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó sunkún nítorí ìgékúrú yẹn. Ẹ gé e náà.

Nínú èsì, ẹ sọ iye, ẹ má yin ara yín. Nínú àlàyé, ẹ sọ ibi tí iṣẹ́ yín kù sí kí olùyẹ̀wò, ìyẹn onímọ̀ tí jọ́nà ní kó yẹ iṣẹ́ yín wò, tó sọ ọ́: ọdún kan, yàrá kan, irú iṣu kan.

Ìgbésẹ̀ 7: Jọ́nà wo?

Ẹ wo inú àwọn àpilẹ̀kọ tí ẹ kà ní Ìgbésẹ̀ 2. Jọ́nà tó gbé púpọ̀ nínú wọn jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Jọ́nà gbájúẹ̀ wà, ó sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta olùkọ́ Nàìjíríà lẹ́sẹ̀: ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ímeèlì wọn á wọlé lóru, wọ́n á pè yín ní ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe HND. Wọ́n á ṣèlérí pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta àpilẹ̀kọ yín á jáde. Orúkọ olóòtú wọn, bí ẹ bá kọ̀wé sí i, kò mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè inú Think. Check. Submit. (ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) yẹ jọ́nà náà wò, ẹ wò ó bóyá ó wà ní DOAJ, àkójọ jọ́nà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, tàbí AJOL, kí ẹ sì bi ẹni tó ti gbé iṣẹ́ síbẹ̀ rí.

Ní ti owó: ọ̀pọ̀ jọ́nà gidi tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn ń gba owó, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń dín in kù tàbí yọ ọ́ kúrò fún ẹni tí kò ní. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Jọ́nà kan ni kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Méjì papọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ìdí iṣẹ́ yìí. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí, ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n má bàa kó iṣẹ́ yín fún Adébáyọ̀ mìíràn. Dátà yín lè wà ní Zenodo, ibi ìpamọ́ dátà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni òun náà, yóò sì ní DOI tirẹ̀, àmì ìdánimọ̀ tí kì í yí padà tí ẹlòmíràn lè tọ́ka sí.

Bí ìwé àwọn olùyẹ̀wò bá dé, ẹ kà á, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Inú máa ń bí èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọ̀rọ̀ wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà. Ibi tí ẹ kò bá gbà pẹ̀lú wọn, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìdí àti ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ pátápátá, ẹ lo ohun tó wúlò nínú ọ̀rọ̀ wọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ padà sọ́jà

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ bi léèrè lọ́jọ́ kìíní, kí àpilẹ̀kọ tó jáde tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bébà kan ṣoṣo, àwòrán bí a ṣe ń di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, iye owó, ìkìlọ̀ nípa etí gbodo. Ẹ kà á sétí ẹnì kan tí kò kàwé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí àkókò lórí rédíò ní Lọ́kọ́ja, ẹ má fúnra yín sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí obìnrin kan tó ti lo àpò náà sọ ọ́ ní ohùn Owé tàbí Ìyàgbà rẹ̀.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ àpò yẹn ṣe lábúlé ni mo fẹ́ràn jù: wọ́n di irè oko àwọn ará abúlé fúnra wọn lójú gbogbo èèyàn, wọ́n gbé e sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n wá ṣí i lójú gbogbo èèyàn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Gbodo wọn ni kí ẹ lò, kó wà ní ilé ẹni tí abúlé fọkàn tán, kí ẹ sì pe àwọn ará ADP àti olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà sí ọjọ́ ìṣíṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè tó ń pa iṣẹ́ púpọ̀: níbo ni wọ́n ti máa rà á? Bí àpò kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Kàbà, gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe di ìtàn. Ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ajílẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ṣírò èrè rẹ̀ fún un, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó ń kó o wá. Ẹ wo Aflasafe tí IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà láti dín aflatoxin, oró tí èéhù ń mú wá, kù nínú àgbàdo àti ẹ̀pà. Ìmọ̀ ti wà nínú jọ́nà tipẹ́. Ó di ohun ìlò nítorí pé NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014, tí ilé iṣẹ́ sì wà tó ń ṣe é. Àgbẹ̀ kò nílò ju ìlànà kúkúrú kan: kílò 10 fún hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó.

Bí àwọn obìnrin náà bá fẹ́ lọ gbodo di èlùbọ́, kí wọ́n sì di í sínú ọ̀rá oníléébẹ́lì láti tà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá nọ́ńbà NAFDAC kí wọ́n tó tẹ léébẹ́lì.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ padà. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó dára?", torí wọ́n á ní ó dára láti bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fi àpò hàn yín. Ẹ ka àwọn tó ṣì ń fi gbodo sí i àti àwọn tó ti fi ń kó àgbàdo lásán, ẹ wo ihò ara ọ̀rá bóyá gbodo ló lu ú tàbí eku, ẹ sì bi ẹni tó ti ṣíwọ́ lílo rẹ̀ ní iye tí yóò san kó tó tún rà á. Ẹ kọ iye yẹn sínú ìwé oní-nọ́ńbà yẹn, pẹ̀lú ọjọ́.